Ojú ìdè lọ́rùn-ọwọ́ Màmá: ta ni kí n sọ ọ́ fún?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá wa. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ń gbé, aṣọ ni mo ń tà. Ìyá mi wà ní Kétu lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n ti ń ṣarán. Wọ́n máa ń jí lóru, wọ́n á ní àwọn ń lọ sọ́jà. Oṣooṣù ni mo ń fi 40,000 fáràǹkì ránṣẹ́ lórí fóònù. Nígbà tí mo lọ kí wọn lóṣù tó kọjá, wọ́n ti rù, ìró ò dúró nídìí wọn mọ́, mo sì rí ojú ìdè lọ́rùn-ọwọ́ wọn méjèèjì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ìlẹ̀kẹ̀ ló fún wọn lọ́wọ́. Màmá ní kò sí nǹkan kan. Aládùúgbò kan sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé òrùlé ni wọ́n ń fi owó mi kàn. Inú ń bí mi gan-an lórí owó náà. Àwọn ọmọ ilé pàápàá ò bá Màmá jẹun mọ́ àtìgbà tí àbíkẹ́yìn wọn ti ṣàìsàn. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní mo fẹ́ tú ilé ẹ̀gbọ́n mi. Tí mo bá dákẹ́, ẹ̀rù ń bà mí. Ta ni mo lè sọ ọ́ fún, báwo ni mo sì ṣe máa sọ ọ́?"

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, ẹ kú ìrònú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín. Owó ń bí yín nínú, ojú ìdè ń bà yín lẹ́rù, mo gbọ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó lé oorun lójú èmi ni èyí tí ẹ kàn fẹnu fò kọjá: àwọn ọmọ ilé ò bá Màmá jẹun mọ́ àtìgbà tí àbíkẹ́yìn ti ṣàìsàn. Ẹ ò sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà ní Kétu ò nílò kí ẹ sọ ọ́. Wọ́n ti ń fi ojú àjẹ́ wo ìyá yín nínú ilé yẹn, tàbí wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Màá padà síbẹ̀, torí òun ló máa fi hàn bóyá ẹ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti fi yanjú ọ̀rọ̀ yìí ní pẹ̀lẹ́, tàbí ẹ ò ní ju ọjọ́ kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú nǹkan kan kúrò lọ́nà. Ìbéèrè tó wà lábẹ́ lẹ́tà yín ni bóyá ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín burú. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ àsísítáǹtì sòsíà, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń ran ẹbí tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́, láàárín Kétu, Pobè àti Sakété, àwọn ìkà paraku tí mo bá pàdé ò pọ̀. Àwọn tó pọ̀ ni ẹni tó ti rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe léwu, àti ẹni tí odidi ẹbí gbé arúgbó jù sílẹ̀ fún tí wọ́n sì gba ọ̀nà Kútọnù lọ. Ṣùgbọ́n egbò kì í bi ẹni tó dá a pé ṣé ìkà ni àbí ó rẹ̀ ẹ́ ni. Bákan náà ló ń jinlẹ̀. Ara Màmá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹjọ́ lè dúró.

Èmi náà ti dá ẹjọ́ kí n tó wo ara rí, ni mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní abúlé kan lọ́nà Ìdígní, mo bá bàbá arúgbó kan tí ọwọ́ wọn kún fún àpá dúdú-dúdú bí ẹni tí wọ́n nà. Mo sọ̀rọ̀ burúkú sí ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wọn, lójú gbogbo ará ilé. Nọ́ọ̀sì tó wá lọ́jọ́ kejì ló là mí lójú: awọ àgbàlagbà ti fẹ́lẹ́, aspirin tí bàbá ń lò nítorí ọkàn kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, bí ọwọ́ wọn bá gbún ilẹ̀kùn lásán, àpá á yọ. Mo padà lọ bẹ ọmọbìnrin náà. Ó ní kò burú. Àmọ́ láti ọjọ́ náà kò sọ ohunkóhun fún mi mọ́ nípa bàbá rẹ̀, bàbá sì ṣe àìsàn ńlá kan tí mi ò gbọ́ títí ó fi bọ́ sórí. Ohun tí ìbínú mi gbà lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Àpá tó lè wá fúnra rẹ̀ sábà máa ń wà níbi tí egungun ti yọ: ojúgun, ìgúnpá, iwájú orí ẹni tó ṣubú. Àpá ìka mẹ́rin lápá òkè lápá inú, ẹnìkan ló fà wọ́n. Àmì tó yí ọrùn-ọwọ́ po, tó sì wà lọ́wọ́ méjèèjì, okùn tàbí aṣọ ni. Mi ò gba ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn gbọ́, àyàfi bí ọwọ́ Màmá bá wú. Ẹ tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ àti ọrùn-ẹsẹ̀ wọn. Tí ibi tí ẹ tẹ̀ bá jìn wọnú tí kò tètè padà, omi ló dúró sára, dókítà lọ̀rọ̀ kàn kó tó kan ẹnikẹ́ni.

Báwo lẹ ṣe máa rí gbogbo ara láì dá ilé rú? Ẹ wẹ̀ wọ́n. Ọmọbìnrin tó ti Àjàṣẹ́ dé tó ní òun fẹ́ fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn wẹ ìyá òun, ta ló máa bi í pé kí ló ń wá? Ẹ gbé omi lílọ́wọ́ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ má kánjú. Ẹ wo ìbàdí níbi tí egungun ti ń kan ẹní, ìgbáròkó méjèèjì, gìgísẹ̀, èjìká, ẹ̀yìn etí. Àwọn ibẹ̀ ni egbò ìdùbúlẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Lára adúláwọ̀ bíi tiwa, kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n kó tó là. Ó máa ń ṣú ju ibi tó kù lọ, ó lè gbóná, ó lè le lábẹ́ ìka. Ẹ wo abẹ́ ọmú àti àárín itan bóyá ìtọ̀ ti jó wọn. Ẹ ní kí wọ́n yọ ahọ́n: ahọ́n tó gbẹ bí awọ, pẹ̀lú ìtọ̀ tó pọ́n bí tíì, òùngbẹ ń pa wọ́n nìyẹn. Ẹ má fi fífa awọ ṣe ìdánwò bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọ ọwọ́. Awọ arúgbó kì í padà kíákíá, ì báà mu odidi ìkòkò omi.

Tí ẹ bá wẹ̀ wọ́n tán, ẹ wá ìwé, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kì í ṣe ohun tí ẹ rò. "Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: ọrùn-ọwọ́ méjèèjì, àmì dúdú tó yí i po, ó fẹ̀ tó ìka kan, ìbàdí, ojú kan tó ṣú tó ẹyọ owó." Ìwé bẹ́ẹ̀, adájọ́ á kà á. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń fìyà jẹ Màmá," ìwé ìjà nìyẹn, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. Ẹ kọ ẹni tó wà níbẹ̀, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ gan-an bí wọ́n ṣe sọ ọ́, títí kan ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀. Tí ẹ bá lọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kọ tuntun, ẹ má tún ti àtijọ́ ṣe.

Màmá ní kò sí nǹkan kan. Ìyá wo ló máa sọ fún ọmọ tó wá lo ọjọ́ kan ṣoṣo pé ẹni tí òun máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ yìí ló ń de òun? Yàtọ̀ síyẹn, ọmọ wọn ló nilé, orúkọ ọmọ wọn ni wọ́n ń bò. Nítorí náà, ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n ń lù wọ́n. Ẹ bi wọ́n nígbà tí ẹ bá ń bomi sí wọn lẹ́yìn, tí kò sí ẹlòmíràn nítòsí: Kí lẹ fi panu láàárọ̀? Ta ló bu omi fún yín lóru àná? Tí ìtọ̀ bá gbọ̀n yín, ta lẹ ń pè? Níbo lẹ sùn? Lóòótọ́, ẹni tó ń ṣarán lè sọ pé ọkọ tó ti kú lógún ọdún sẹ́yìn ló bu omi fún òun. Ẹ má tìtorí ìyẹn da gbogbo ọ̀rọ̀ wọn nù. Ẹ máa wo ọwọ́ wọn àti ojú wọn tí ẹnìkan bá wọlé. Orúkọ lè dàrú lẹ́nu wọn, ẹ̀rù kì í dàrú.

Ní ti ìdè fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa òru. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń gbó tó ń jí láago méjì láti lọ sọ́jà tí kò sí mọ́, ó lè bọ́ sí títì kí àwọn ọkọ̀ tó ń ti Pobè bọ̀ gbé e. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín mọ ìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìbẹ̀rù ló fi so wọ́n mọ́ ibùsùn, kó lè sùn fún wákàtí mẹ́ta. Síbẹ̀ ìdè léwu ju òpópó lọ nígbà mìíràn: arúgbó tí wọ́n dè máa ń jà láti tú ara rẹ̀, ó ń ṣubú pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, okùn lè há ọrùn, ìdí tó dúró sójú kan á di egbò, ìgbàgbé á sì le sí i torí ìpayà. Kí wọ́n má dè wọ́n mọ́, ọ̀rọ̀ tí kò ní àròyé nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá sọ pé "ẹ tú u", ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n máa fi dípò rẹ̀. Agogo kékeré kan lára ilẹ̀kùn tó máa dún tí wọ́n bá ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà àgbàlá lókè, níbi tí ojú wọn kì í lọ. Àgbàlá ni kí ẹ tì, ẹ má ti Màmá mọ́ yàrá. Kí wọ́n rí oòrùn lọ́sàn-án, kí wọ́n má sùn láti àárọ̀ dalẹ́. Kí wọ́n tọ̀ kí wọ́n tó sùn. Kí iná kékeré wà. Tí wọ́n bá sọ pé ọjà ni àwọn ń lọ, kí ẹnìkan bá wọn rìn yí ilé po lẹ́ẹ̀kan, kó sì gbé ẹ̀wà síwájú wọn pé kí wọ́n ṣà á. Mo mọ ìyá kan tó ṣa ẹ̀wà kan náà fún ọdún méjì, inú rẹ̀ dùn, ilé sùn.

Ẹ béèrè tún bóyá wọ́n ń fún wọn ní oògùn oorun tí wọ́n rà lórí àtẹ. Wọn ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Arúgbó tó ń tòògbé láago mẹ́wàá àárọ̀, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu rẹ̀, ẹ wá abẹ́ ìrọ̀rí wò. Tí ìṣarán náà bá sì le lójijì láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ má pè é ní ogbó. Ibà, àrùn inú ìtọ̀, àìmu omi, ṣúgà tó wálẹ̀, oògùn tí kò bá wọn mu, gbogbo wọn ló lè da orí àgbàlagbà rú báyẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ní ìwòsàn.

Rírù náà, ẹ má tíì pè é ní ebi tí wọ́n fi ń pa wọ́n. Mo ti wọ ilé kan rí tí gbogbo nǹkan mọ́ tónítóní, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ bá bàbá lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, tí bàbá sì ń rù bí igi. Mo jókòó títí wọ́n fi gbé ọ̀sán wá. Ojú bàbá ti ṣú funfun, wọn ò rí àwo. Ọmọ tó gbé e wá gbé e kalẹ̀ sápá òsì, ó lọ. Lẹ́yìn wákàtí kan ó padà wá gbé e, ó ní "Bàbá ò jẹun lónìí náà." Kò sẹ́ni tó purọ́, kò sẹ́ni tó fi oúnjẹ pamọ́. Ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó jókòó. Nítorí náà kí ẹ wà níbẹ̀ lásìkò oúnjẹ kan, ó kéré tán. Ẹ wo eyín, ẹ wo bóyá wọ́n ń sá oúnjẹ torí ẹnu ń dùn wọ́n, ẹ wo bóyá omi ń pá wọn lórí. Ikọ́ àti àìsàn ìtọ̀ ṣúgà náà ń mú àgbà rù. Ilé ìwòsàn ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Owó wá. N ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ aládùúgbò dá ẹ̀gbọ́n yín lẹ́jọ́. Ẹ pín owó náà: apá kan lọ sọ́wọ́ ẹni tó ń ta oúnjẹ, apá kan lọ sí ilé oògùn pẹ̀lú ìwé dókítà, kí ìyókù wà lọ́wọ́ ìyàwó fúnra rẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, kó má gba ọwọ́ ọkọ. Tí òrùlé bá dá dúró lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ti rí ìdáhùn. Kí ẹ sì béèrè ní pẹ̀lẹ́ bóyá ẹnikẹ́ni ti gbé ìwé ilẹ̀ wá kí Màmá tẹ̀ka sí i. Ẹni tó ń ṣarán ò mọ ohun tó ń tẹ̀, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣeé gbé lọ sílé ẹjọ́.

Ó kù ìyàwó. Ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ilé ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ẹ ronú ohun tí ẹ jẹ́ lójú rẹ̀. Ọkọ ni ẹ jẹ́ fún un. Tí ẹ bá dé pẹ̀lú ìbínú, ó máa kúnlẹ̀, ó máa ní "ẹ má bínú, ọkọ mi," ẹ ò sì ní mọ nǹkan kan mọ́ títí ayé. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ nìkan, kí ẹ tó bá ẹ̀gbọ́n yín sọ ọ́, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ bá a fi ọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi òru: "Báwo lẹ ṣe ń sùn? Ẹ̀ẹ̀melòó ni Màmá ń jí?" Kí ẹ tó sọ ojú ìdè, kí ẹ sọ pé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ọ́ láì yí i po: "Mo rí ọwọ́ Màmá. Mi ò wá bá yín jà. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóru tó fi di bẹ́ẹ̀." Ẹni tó rẹ̀ á sunkún, á sọ ọ́ tán. Ẹni tó ní ohun tó ń fi pamọ́ á tún ìtàn ìlẹ̀kẹ̀ sọ, á sì bèèrè ẹni tó sọ fún yín. Mi ò sọ pé ó dájú bí ìṣirò, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ òótọ́ fún mi ju ìgbà tí kò jẹ́ lọ.

Tí ó bá jẹ́ rírẹ̀ ni, ìrànlọ́wọ́ ló máa wo ojú ìdè yẹn sàn, ẹ̀yin náà sì wà lára àwọn tó jẹ gbèsè rẹ̀. Òfin 2002-07 lórí ènìyàn àti ẹbí, èyí tí wọ́n kéde lọ́dún 2004, sọ pé àwọn ọmọ ló gbọ́dọ̀ bọ́ òbí tó wà nínú àìní. Gbogbo ọmọ ni, kì í ṣe èyí tó bá òbí gbélé nìkan. 40,000 fáràǹkì dára, àmọ́ owó kì í jí láago méjì òru. Ẹ wá ọmọbìnrin kan nínú ẹbí tó máa sùn níbẹ̀ lálẹ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sanwó fún un. Ẹ̀yin náà, ẹ wá lo ọjọ́ mẹ́rin lóṣù, kí ìyàwó lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀.

Mo ní màá padà sórí oúnjẹ àwọn ọmọ. Kétu ni wọ́n ti ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún àwọn ìyá wa. Ijó yẹn ni UNESCO kéde lọ́dún 2001 láàárín àwọn ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. A ń júbà fún àgbà obìnrin lójú agbo, a ń fi orin tù wọ́n nínú. Ká padà délé, kí ibà mú ọmọ, ká wá wo ìyá arúgbó tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, ká ní òun ni. Ìṣarán ló ń mú Màmá sọ̀rọ̀ lóru, òun náà ló ń mú wọn rìn káàkiri nígbà tí ilé ń sùn, ohun tí àwọn ènìyàn sì ń kà sí iṣẹ́ àjẹ́ gan-an nìyẹn. Bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ á kọ́kọ́ yẹra fún àwo wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé ibùsùn wọn lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan á lọ bi babaláwo tàbí wòlíì, orúkọ á jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀, títí kan kí wọ́n ní kí ìyá mu ohun kan láti fi jẹ́wọ́. Mo ti rí i parí sí bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá dé, tí ẹ bá rí i pé wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí sókè, tàbí wọ́n ti pe ẹnìkan wá yẹ Màmá wò, ẹ má dúró de ìpàdé ẹbí. Ẹ mú Màmá kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ní ilé ìwòsàn ni ẹ ń mú wọn lọ, òótọ́ sì ni. Òfin 2011-26 ti ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2012 fi ìyà sí ìwà ipá sí obìnrin. Àwọn kan rò pé ọ̀dọ́ ìyàwó nìkan ni òfin yẹn wà fún. Obìnrin ni ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún. Àdéhùn tí Ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí lórí ẹ̀tọ́ àwọn àgbàlagbà ní Addis Ababa lọ́dún 2016 tilẹ̀ dárúkọ ẹ̀sùn àjẹ́ gan-an pé ó gbọ́dọ̀ dópin.

Tí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ọ̀nà wà tí ẹ lè gbà ní ìpele-ìpele. Ìjókòó ẹbí dára, bí ẹ bá mọ ẹni tí ẹ máa pè. Ẹ má pe ìdílé ẹ̀gbọ́n yín nìkan. Ẹ pe ìdílé ìyá Màmá fúnra wọn, àwọn tó bí wọn, àti àgbà obìnrin kan tí ẹ̀gbọ́n yín ń bẹ̀rù. Kí wọ́n má sọ̀rọ̀ Màmá lójú Màmá bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Kí ìpàdé parí pẹ̀lú ohun tí ẹ lè kà lórí ìka: ta ló ń sùn níbẹ̀, ta ló ń ra oògùn, ọjọ́ wo lẹ tún máa wò.

Níta ẹbí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ilé ìtọ́jú tó wà ní Kétu lè wo egbò náà, wọ́n sì lè fi yín ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn àgbègbè ní Pobè. Ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí lára Màmá sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gba oògùn tí wọ́n á gbàgbé ìwé, nígbà tó bá sì di oṣù mẹ́ta, àpá ti lọ, ẹ̀rí ti lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ran ará ìlú lọ́wọ́, tí gbogbo wa mọ̀ sí CPS (Centre de Promotion Sociale) tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní GUPS (Guichet Unique de Protection Sociale) báyìí. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tí mo ṣe wà. Àwọn ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya àti ọmọ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ti arúgbó náà. Ẹ ò ní láti mọ ẹni tó jẹ̀bi kí ẹ tó lọ. Gbólóhùn tó tó nìyí: "Mo ní àníyàn lórí ìyá mi, ohun tí mo rí nìyí, mo fẹ́ kí ẹ lọ wò wọ́n." Wọ́n á wá sílé, wọ́n á bá Màmá sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á bá ìyàwó sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kọjá sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí ilé ẹjọ́ ní Pobè. Ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dárúkọ yín fún ìdílé ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Olórí àdúgbò, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní dèlégè, wúlò láti là yín lọ́nà, bí kò bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n yín. Lílù, ìtìmọ́lé, ìhalẹ̀ ikú: ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tààrà ni.

Tí ẹni tí ẹ bá níbẹ̀ bá ní "ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn, ẹ lọ parí ẹ nílé," ẹ má bá a jà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ̀dà méjì, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lé èkejì fún yín. Ìwé tó ti ní òǹtẹ̀ kì í sọnù bí ọ̀rọ̀ ẹnu. Òfin ńlá ilẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ ọ́ ní abala 26 pé Ìjọba ní láti máa ṣọ́ àwọn aláàbọ̀ ara àti àwọn arúgbó. Ẹ ò lọ tọrọ ojúrere.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fọ́tò ọwọ́ Màmá sórí WhatsApp ẹbí, ká má tilẹ̀ sọ Facebook. Ìhòòhò ìyá ni. Tí ẹ bá sì pe ẹnìkan ní apànìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì ní ẹ̀rí, òfin íntánẹ́ẹ̀tì ọdún 2018 lè yí ẹjọ́ sórí ẹ̀yin tí ẹ wá gba ìyá yín là.

Ẹ ní wọ́n á ní ẹ fẹ́ tú ilé. Wọ́n lè sọ ọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹni kan nínú mẹ́fà ló ń rí irú ìyà kan láàárín ọdún kan láàárín ìlú. Nítorí náà, ilé ẹ̀gbọ́n yín kọ́ ni àkọ́kọ́ ní Kétu, kò sì sí ìdí tí ìtìjú rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ọwọ́ Màmá lọ. Ẹ lè máa ronú láti kó wọn wá sí Àjàṣẹ́. Ẹ má kánjú sí i, bí kò bá sí ewu lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń ṣarán mọ ọ̀nà ilé ìtọ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ní ilé tuntun, kò mọ ohunkóhun, ó lè burú sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀yin náà sì máa wà nídìí àtẹ aṣọ láti àárọ̀.

Ẹ lọ sí Kétu lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má sọ fún wọn tẹ́lẹ̀, ẹ mú ẹ̀bùn dání fún ọmọ tó ṣàìsàn. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ṣe sí àìsàn náà àti ẹni tó sọ fún wọn pé kí àwọn ọmọ má bá Màmá jẹun. Ẹ gbé oúnjẹ, kí ẹ jókòó ti Màmá, kí ẹ jẹ ẹ́ nínú àwo kan náà pẹ̀lú wọn lójú gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé omi gbóná, kí ẹ wẹ̀ wọ́n. Ẹ kọ̀wé sí mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí ẹ rí nìkan, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ ohun tí ẹ rò.